Íǹṣì Kan, Ẹsẹ̀ Bàtà Kan: Bí Ilé Ṣe Ń Gba Àkàndá Ẹ̀dá Wọlé

Báǹkì kan wà tí ìyá mi ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì wọn láti ìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, tí apá àti ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́, báǹkì náà ní kí wọ́n wá fojú hàn, kí wọ́n sì tẹ̀ka, kí owó má baà dúró. Mo gbé wọn sínú ọkọ̀, mo ká kẹ̀kẹ́ arọ wọn sí bùútù, a gbéra. Ọkàn mi balẹ̀, torí mo ti rí i tẹ́lẹ̀ pé báǹkì náà ní ráńpù, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn kí kẹ̀kẹ́ lè gùn ún.

Nígbà tí a débẹ̀, mo ti kẹ̀kẹ́ dé ìdí ráńpù, mo ki agbára bọ̀ ọ́. Àwọn táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ fẹ́ dà sẹ́yìn. Màámi fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣẹ́kù di irin mú, wọ́n pariwo orúkọ mi. Mégádì sáré wá, ó ní, "Màmá, ẹ má bẹ̀rù, a máa gbé yín." Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé wọn gun àtẹ̀gùn yẹn, tàwọn ti kẹ̀kẹ́. Ìró wọn ká dé orúnkún, gèlè wọn ṣí bọ́ sílẹ̀, gbogbo èrò tó wà lórí ìlà sì ń wò. Màámi tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún mọ́kànlá kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi délé.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni èmi fúnra mi ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo mú tépù, mo padà síbẹ̀. Ilẹ̀ inú báǹkì fi íǹṣì 22 ga ju ilẹ̀ ìta lọ. Ráńpù tí wọ́n fi gun íǹṣì 22 yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 5 péré ló gùn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó, ara mi kò lélẹ̀, torí mo ti mọ irú ráńpù bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà rí, mo sì gba owó iṣẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Oníbàárà ní òun fẹ́ ráńpù, mo da sìmẹ́ǹtì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sílẹ̀, inú àwa méjèèjì dùn. Àìmọ̀ yìí kan náà ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì ń fẹ́ ṣe dáadáa. Ohun tí mo ti kọ́ láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀.

Orí ráńpù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Bí ilẹ̀ bá fi íǹṣì 1 ga, ráńpù tó máa gùn ún gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1, ó kéré tán. Íǹṣì kan, ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, kò sì sí bíríkìlà tí kò lè há a sórí. Ẹ ka àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹyọ kan sábà máa ń ga tó íǹṣì 6. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, íǹṣì 18 nìyẹn, ráńpù rẹ̀ á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Ti báǹkì Màámi yẹ kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 22.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ló fà á. Ká ní ẹni tó jókòó wúwo tó kílò 70, tí kẹ̀kẹ́ wúwo tó kílò 20, àpapọ̀ rẹ̀ di 90. Lórí ráńpù tó gùn bó ṣe yẹ, agbára tí apá máa fi tì í gòkè kò ju ti ẹni tó ń gbé kílò 7 tàbí 8 lọ. Lórí èyí tó wà ní báǹkì yẹn, ó súnmọ́ kílò 31. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. Ẹ wá rò ó wò, ìyá arúgbó tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo, kó máa ti ohun tó ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lọ gun òkè, kó sì máa ṣọ́ ọ kó má dà á nù. Bó bá gòkè tán, ó ṣì máa sọ̀ kalẹ̀, sísọ̀ náà ló sì léwu jù, torí ìwúwo yẹn kan náà ni yóò máa gbé e sáré lọ sójú títì.

Íǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ọ̀kan sí méjìlá. Ọ̀kan sí méjìlá yìí, òpin ibi tí ráńpù lè ga dé ni. Bí àyè bá wà, kó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà ilé kíkọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè kìkì níbi tí ráńpù kò bá ti gùn ju mítà 2 lọ. Èyí tó bá gùn tó mítà 10, wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan sí ogún. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn sọ pé bí ráńpù bá ti gun íǹṣì 30 sókè, kó dúró, kí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 wà níbẹ̀ kí ènìyàn lè sinmi apá, kó tó tún máa gòkè lọ.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí gbọ́dọ̀ wà lókè náà, níwájú ilẹ̀kùn. Òun ni àwa ọ̀mọ̀lé ń gbàgbé jù. A ó mọ ráńpù tó dára, a ó wá jẹ́ kó gbá ilẹ̀kùn lójú. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ débẹ̀, ó ní láti fi ọwọ́ kan fa ilẹ̀kùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní láti fi ọwọ́ kejì di táyà mú kó má yí sẹ́yìn, kó sì tún wá ọ̀nà tó máa gbà yẹra fún ilẹ̀kùn tó ń bọ̀ wá bá a. Kò ṣeé ṣe.

Ìbú rẹ̀ kó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 láàárín irin méjèèjì. Mo ní irin méjèèjì. Mo máa ń rí ráńpù tí wọ́n fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Màámi ní. Bí irin bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tí wọ́n ń gòkè, ọwọ́ òsì ló máa bọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálẹ̀, ọwọ́ òsì yẹn sì ti kú. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni, kí gíga rẹ̀ wà láàárín íǹṣì 34 sí 38. Kí ẹ mọ ìgbátí kékeré sí etí ráńpù kí táyà má baà yọ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi táìlì tó ń dán tẹ́ ẹ. Bí òjò bá rọ̀ sórí táìlì, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn pàápàá á ṣubú. Sìmẹ́ǹtì lásán tó o, tí a fi ìgbálẹ̀ gbá lójú nígbà tó ṣì tutù kí ara rẹ̀ má baà máa yọ̀.

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé wọ́n ní kí amúkùn-ún wò ó, ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Àwa tí a ní ẹsẹ̀ méjì ti ń pòwe yìí tipẹ́, a kì í sì í bojú wo ìsàlẹ̀ tí ọkùnrin náà ní ká wò. Ohun tó ń dá àkàndá ẹ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ìsàlẹ̀ ló wà: nínú gọ́tà, nínú yẹ̀pẹ̀, nínú íǹṣì mélòó kan tí a fi sìmẹ́ǹtì gbé sókè tí a kò bi ara wa pé ta ló máa gùn ún. Ara Màámi ti rí bó ṣe rí láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé. Nínú yàrá tó tẹ́jú, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà báǹkì ni wọ́n ti di ẹrù tí ọkùnrin mẹ́rin gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé kan gba àkàndá ẹ̀dá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, kí ẹ máa bá a lọ títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tó bá já nínú ọ̀nà yẹn ti sọ gbogbo ìyókù di asán. Gọ́tà tó wà níwájú géètì ńkọ́, ṣé páńkì tó ń mì ni wọ́n fi dá a, àbí kọnkéré tó fẹ̀? Inú ọgbà, ṣé òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà síbẹ̀? Táyà kékeré tó wà níwájú kẹ̀kẹ́ máa ń rì sínú òkúta àti yẹ̀pẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá rì sínú ẹrẹ̀. Ráńpù fúnra rẹ̀, ṣé ó ṣófo, àbí ibẹ̀ ni ọlọ́kadà ń gúnlẹ̀ sí, tí wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí?

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ báǹkì wa ló ní ilẹ̀kùn ààbò onígíláàsì yẹn, tó dà bí àpótí, tó ń gba ènìyàn kan lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń dún bó bá ti mọ irin lára ẹni. Kẹ̀kẹ́ arọ kò lè wọ inú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó wọ̀ ọ́, irin ni òun fúnra rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn náà, àwọn olè ló mú un dé, n kò sì ní kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tí mò ń béèrè ni ilẹ̀kùn kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n máa ń ṣí láti inú, kí aago tí ẹni tó jókòó lè tẹ̀ wà níta, kí mégádì sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti ṣí i kíákíá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tọrọ àánú.

Fún ilẹ̀kùn lásán, ẹ fi tépù wọn àyè tó ṣí sílẹ̀ gan-an nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí tán, láti ojú ilẹ̀kùn dé férémù tó kọjú sí i. Kó má dín sí íǹṣì 32. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 3 tí a ń fi sí yàrá sábà máa ń fún wa ní ìyẹn. Igi tàbí sìmẹ́ǹtì tí a fi ń dínà omi lẹ́nu ọ̀nà, kó má ga ju ìdajì íǹṣì lọ. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó rí roboto le fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò dì dáadáa. Èyí tó gùn, tí ènìyàn lè fi ìgúnpá tẹ̀, ló dára, owó wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Káńtà, kí apá kan rẹ̀ rẹlẹ̀ tó íǹṣì 36 tàbí kó dín, kí akọ̀wé lè rí ojú ẹni tó jókòó.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló ń lé àwọn àkàndá ẹ̀dá kúrò níbi iṣẹ́, kúrò nílé ìwé, kúrò lóde àríyá, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ síta. Mo mọ obìnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́, tí kì í mu omi láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú títí tí ìsìn fi ń parí, torí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó lè wọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òǹgbẹ ni ó fi ń sin Ọlọ́run.

Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ ni a máa ń fi sí i. Íǹṣì 30 nìyẹn, kí a tó yọ ti férémù. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ kò ní kọjá. Èyí tó bá kọjá, inú rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ kò lè yí padà, àfi kí ènìyàn fi ẹ̀yìn jáde. Kí kẹ̀kẹ́ tó lè yí po, ó nílò àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 yíká, tí páìlì omi àti igi ìnulẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà, ẹ jẹ́ kó máa ṣí síta. Ìdí rẹ̀ rèé: bí ẹni tó wà nínú bá ṣubú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí ilẹ̀kùn náà, àwọn tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ kò ní ríbi wọlé.

Ìjókòó ṣáńgà, kó ga tó íǹṣì 17 sí 19, kó lè bá ìjókòó kẹ̀kẹ́ dọ́gba, kí ènìyàn lè yọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ohun tó máa fi gbé ara rẹ̀ ni irin tí a kàn mọ́ ògiri, ní gíga íǹṣì 33 sí 36, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ̀yin bíríkìlà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ o: búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú. Bí ẹ bá lu irin yẹn mọ́ búlọ́ọ̀kù ṣófo, ọjọ́ tí ẹni kílò 90 bá gbára lé e ni yóò já. Kí ẹ tó mọ ògiri náà kọjá ibẹ̀, ẹ ti fi kọnkéré kún ihò àwọn búlọ́ọ̀kù tó máa gba irin. Nígbà tí ilé bá sì parí, kí ẹ̀yin tí ẹ ni ín má sọ ibẹ̀ di ibi ìkó-bọ́kẹ́ẹ̀tì-pamọ́. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára, àwòrán kẹ̀kẹ́ lára ilẹ̀kùn rẹ̀, àgádágodo lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́.

Títí di báyìí, oníkẹ̀kẹ́ nìkan ni mo ń sọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran ní ewu tirẹ̀, ó sì yàtọ̀. Ọ̀pá funfun tó ń fi wá ọ̀nà, ilẹ̀ ló ń fọwọ́ bà. Kò lè mọ ohun tó wà ní ọ̀kánkán orí. Ẹ wá wo ògiri ilé wa: ẹ̀rọ amúlétutù tó yọ sóde, fèrèsé tó ń ṣí síta sórí ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọjá, abẹ́ àtẹ̀gùn tó ṣófo. Ọ̀pá á kọjá lábẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, orí ló máa gbá a. Ìlànà Amẹ́ríkà sọ pé ohunkóhun tó wà láàárín íǹṣì 27 sí 80 láti ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ láti ara ògiri ju íǹṣì 4 lọ sórí ọ̀nà. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ẹ gbé òdòdó tàbí ìgbátí sábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀pá lè kọ́kọ́ kàn án.

Àwọn táìlì oníkókó tí ẹ máa ń rí ní pápákọ̀ òfurufú àti ibùdókọ̀ ojú irin lókè òkun, àwọn aláìríran ni wọ́n ṣe é fún. Ará Jàpáànù kan, Seiichi Miyake, ló ronú kàn án ní 1965, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìlú Okayama ní 1967. Èdè méjì ló ń sọ fún àtẹ́lẹsẹ̀: èyí tó ní ìlà gbọọrọ ní kí o máa lọ, èyí tó ní kókó ṣùgbàṣùgbà ní kí o dúró, nǹkan wà níwájú. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ láìmọ èdè yìí, tó kàn fi ṣe ẹwà, ó lè darí afọ́jú lọ sínú gọ́tà.

Ti àwọn adití kò gba kọnkéré. Aago tó ń kìlọ̀ pé iná ń jó, kí gílóòbù tó ń ṣẹ́jú bá a rìn, torí ariwo kò jẹ́ nǹkan kan sí wọn. Níbi tí wọ́n ti ń pe nọ́ńbà, kí nọ́ńbà hàn lójú pátákó. Kí iná mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn, kí ẹni tó ń ka ètè lè ka tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin wá ló máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó lòdì sí yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 2018 ló wà lára orúkọ òfin náà, torí náà bí ẹ bá rí ọdún méjèèjì, òfin kan náà ni. Ohun tó ní kó wà ní ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ni ráńpù, ẹ̀rọ agbénigòkè níbi tó bá ti yẹ, àti ohun yòówù tó máa jẹ́ kí àkàndá ẹ̀dá lè wọlé kó sì lo ibẹ̀. Àwọn kan rò pé ilé ìjọba nìkan ló kàn. Rárá o. Ilé tó bá ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú wà nínú rẹ̀, bí ẹni tó ni ín kì í bá tilẹ̀ ṣe ìjọba.

Ọdún márùn-ún ni òfin náà fún àwọn ilé tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n fi ṣàtúnṣe. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé àyè ṣì wà, àyè náà ti tán. Ilé tuntun kò tiẹ̀ ní àyè kankan láti ìbẹ̀rẹ̀: àwòrán ilé tí kò bá sí ètò yìí nínú rẹ̀, òfin ní kí wọ́n má fọwọ́ sí i, òṣìṣẹ́ tó bá sì fọwọ́ sí i lè san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kí ó gba méjèèjì. Àkàndá ẹ̀dá tí kò bá ríbi wọlé lè kọ̀wé fún àwọn tó ń ṣàkóso ibẹ̀ pé kí wọ́n mú ìdènà náà kúrò. Bí wọ́n bá kọ̀, òfin là á sílẹ̀ pé ilé iṣẹ́ náà máa jẹ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, òun ló sì bí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní LASODA, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú èyí ṣì wà. Kò sí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbé e fún àkàndá ẹ̀dá lórí àwo. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1990, ọ̀pọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà fi kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá wọn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, wọ́n sì ń fi ìkùn wọ́ gun àtẹ̀gùn náà lójú gbogbo ayé. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún yẹn, ààrẹ wọn buwọ́ lu òfin tiwọn tó lòdì sí yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ìwé ìwọ̀n tó tẹ̀lé òfin náà ni mo ti mú púpọ̀ nínú àwọn íǹṣì tí mo kọ sókè yìí.

Onílé kan sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, oníkẹ̀kẹ́ kan ò wá síbí rí." Mo ní kó ka àtẹ̀gùn iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mẹ́fà ni. Báwo ni yóò ṣe rí wọn? Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn mẹ́fà, ọ̀kan ní àìlera tó lágbára lára. Wọ́n wà ládùúgbò wa. Inú ilé ni wọ́n jókòó sí. A sì tún gbàgbé pé aláboyún, arúgbó, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dì nílé ìwòsàn, alábàárù tó ń ti ọmọlanke, gbogbo wọn ló ń gba ráńpù kọjá bó bá wà.

Ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń bi mí léèrè jù: "Àyè kò sí, kí la fẹ́ ṣe?" Òótọ́ ni pé ilé wa ga. Nítorí omíyalé la ṣe ń gbé ìpìlẹ̀ sókè, òjò Èkó kò sì mọ àkàndá ẹ̀dá. Bí iwájú kò bá gbà á, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Ilẹ̀ sábà máa ń ga sí i níbì kan, ráńpù ibẹ̀ á sì kúrú. Ráńpù kò sì ní dandan kó lọ tààrà. Ó lè ṣẹ́ kọ́rọ́, kó padà sẹ́yìn, bó bá ti ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tó ti yí. Bí àtẹ̀gùn bá jẹ́ ẹyọ kan, ráńpù irin tó ṣeé gbé tó, kí wọ́n máa tẹ́ ẹ síta láràárọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé pátákó síta.

Ẹ̀rọ agbénigòkè ni n kì í yára dámọ̀ràn. Kì í ṣe pé kò dára. Iná wa ni. Ẹni tí ẹ gbé dé àjà kẹta tí iná wá lọ, báwo ni yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀? Bí ilé ìjọba tàbí ilé ìwé bá ní àjà mẹ́ta tí kò sì ní owó dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, ẹ kó iṣẹ́ tí ará ìlú ń wá ṣe wá sí ìsàlẹ̀. Kíláàsì tó ní ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́, ẹ gbé gbogbo kíláàsì náà wá sísàlẹ̀. Kọnkéré kan kò ní bá a lọ.

Nílé wa, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú. Íǹṣì 18. Àyè tó wà láti ẹnu ọ̀nà dé ara ọgbà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ, torí náà mo pín ráńpù Màámi sí méjì: ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ sí apá ọ̀tún, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ẹsẹ̀ bàtà 5 níbi tó ti yí, ẹsẹ̀ bàtà 9 padà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó jẹ́ kí wọ́n gùn ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ṣí i, ẹlẹ́kọ ń kígbe kọjá lójú títì. Kí n tó dìde, Màámi ti wà lórí ráńpù, ọwọ́ ọ̀tún lórí irin, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó yá nílẹ̀ ń fa kẹ̀kẹ́, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dé géètì, wọ́n ná ẹ̀kọ, wọ́n bínú sí iye tó pè é, wọ́n ra mẹ́rin. Wọ́n padà wọlé, wọ́n gbé ẹ̀kọ sórí tábìlì.

"O ṣé o, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ó wá ku ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀."